Bí Ọ̀gá Oníkọ́ Ṣe Fi Epo Bọ́ọ̀sì Pamọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú, ẹ rọra jókòó. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè dé ibi tó ń lọ.

Òun ni ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ìjọba ní ìlú kan. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, fìlà rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá wọlé gbẹ̀yìn, àfi bíi pé àlejò mẹ́ta ló dé. Oyè tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti kan pákó mọ́ pákó kí gbogbo rẹ̀ tó gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Oníkọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Tí Ọ̀gá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn o, ikọ́ ọlá ni. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á rọra gun àyà, á sì jáde lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí nílẹ̀ sìmẹ́ńtì. Tí ikọ́ yẹn bá ti dún, òfin ọ́fíìsì ni pé kí ohun gbogbo dúró. Ẹni tó ń rìn á dúró. Ẹni tó jókòó á dìde ṣánṣán. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, lófìfo, torí Ọ̀gá gbà pé ẹni tó bá di nǹkan mú kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Tó bá sọ̀rọ̀ tán, á ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," gbogbo èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ títí á fi jókòó.

Ẹ wá wo ohun tí òfin yìí sọ ọ́fíìsì ọ̀hún dà. Kò sí ife kan tó ní etí níbẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ mu tíì. Òṣìṣẹ́ kan wà lórí àkàbà nígbà kan tó ń pààrọ̀ gílóòbù, Ọ̀gá kọjá nísàlẹ̀, ó wúkọ́. Ọkùnrin náà tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Gílóòbù kọ́kọ́ dé ilẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, Ọ̀gá sì fi í ṣe òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ lọ́dún yẹn.

Ibì kan ṣoṣo ni ikọ́ yìí kò ti lágbára, ìyẹn nínú ilé rẹ̀. Tó bá wúkọ́ níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á ní kó lọ mu omi, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń da Ọ̀gá láàmú nìyẹn. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí oṣù yẹn bá parí, wọ́n á fún un ní àpò kan, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á lọ sílé, á wá ku òun àti ikọ́ rẹ̀. Ta ni yóò máa dúró fún un? Ta ni yóò máa pàtẹ́wọ́? Tó bá ronú débẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn tútù á bò ó, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ á ti máa hanrun.

Àsìkò yẹn gan-an ni Mínísítà kéde ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin ni Mínísítà náà, epo tí àwọn ọkọ̀ ìjọba ń mu sì ti sú u. Ó ní òun fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe olórí gbogbo ọkọ̀ ìjọba jákèjádò orílẹ̀-èdè, ipò ọ̀hún kò sì ní ìfẹ̀yìntì: ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó dìde. Èèyàn méjì ló kù tó ń dù ú, Ọ̀gá wa yìí àti ọ̀gá ìlú kejì. Ọ̀nà àwọn méjèèjì sí olú-ìlú gùn bákan náà. Mínísítà ní kí kálukú wọn rọ epo kún inú bọ́ọ̀sì ńlá ọ́fíìsì rẹ̀, kó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, kó máa bọ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ bá ṣẹ́ kù jù nígbà tó bá dé gbọ̀ngàn ìjọba, òun ló ni ipò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín, ẹ má sọ fún Ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì yẹn, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì, á dé olú-ìlú, epo tó máa jó ò sì ní tó ìdajì táńkì. Kò gba ọgbọ́n kankan. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba ipò torí ohun tí kò gba ọgbọ́n?

Ọ̀gá pe ìpàdé. Gbogbo òṣìṣẹ́ kún inú yàrá ìpàdé, àga kò tó, àwọn kan fara ti fáìlì. Igbákejì Ọ̀gá jókòó síwájú. Ọkùnrin gígùn pẹlẹbẹ ni, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú torí pé ojoojúmọ́ ló ń tẹrí ba, tó bá fẹ́ wo òkè báyìí, ó di kó dùbúlẹ̀. Ọ̀gá wúkọ́, gbogbo wọn dìde.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni Ọ̀gá wí, "kí ni ọ̀tá epo? Àwọn aláìmọ̀kan á ní ẹ́ńjìnnì ni. Èmi tí mo ti jókòó ronú, mo ní ìwọ̀n ni. Ohun tó wúwo ló ń jẹ epo. Nítorí náà, láti òní lọ, ohunkóhun tó bá wúwo, tí kì í bá ṣe èmi, kò gbọ́dọ̀ wọ inú bọ́ọ̀sì yẹn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Àtẹ́wọ́ ròkè. Igbákejì nu ojú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ní èékánná gún òun, ẹ̀ẹ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ epo yẹn. Tó bá ti rí i pé ẹ̀yin lẹ wà nínú ọkọ̀, ojú á tì í láti jó."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ táyà ìpamọ́ sílẹ̀, wọ́n yọ jáàkì, wọ́n yọ àpótí irinṣẹ́. Wọ́n ṣí tìmùtìmù kúrò lára àwọn ìjókòó, ó ku irin. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ mú báàgì, kò sì gbọ́dọ̀ jẹun alẹ́ kó tó wọkọ̀. Igbákejì lọ fá irun orí rẹ̀ kodoro láti fi dín ìwọ̀n kù. Nígbà tó rí i pé inú Ọ̀gá dùn sí i, ó padà lọ fá irun òkè ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ó ń yà á lẹ́nu tàbí kò yà á lẹ́nu.

Nígbà tí ọkọ̀ ti wá fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù Ọ̀gá wọlé. Àkọ́kọ́ ni àga rẹ̀, èyí tí wọ́n fi igi líle gbẹ́, tó gba ọkùnrin mẹ́fà kí ó tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì gíga tó máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n dè é mọ́ iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Fọ́tò Ọ̀gá tó tóbi bí ilẹ̀kùn kò gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá fi okùn dè é sórí òrùlé, ó dúró ṣánṣán, ó kọjú síwájú, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ lù ú dáadáa. Ẹnì kan béèrè pé ṣé àwọn wọ̀nyí ò wúwo ni. Igbákejì dá a lóhùn pé ọlá ni wọ́n, ọlá kì í wúwo.

Ìyàwó Ọ̀gá náà ń bá wọn lọ, torí ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní olú-ìlú tó fẹ́ lọ kí. Ó dé pẹ̀lú àpò búrẹ́dì àti ẹyin sísè, ó jókòó síwájú. Igbákejì gbé òṣùwọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí àwọn wọ̀n ọ́n.

Obìnrin náà wò ó láti orí tó ń dán dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Igbákejì, gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi kí n tó gbé ẹ lé e."

Wọn ò wọ̀n ọ́n.

Awakọ̀ ọ́fíìsì ọ̀hún, Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì náà bí ọmọ, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí bí wọ́n bá ṣe ń dúró tó ni ó ṣe ń ráyè na ẹsẹ̀ tó. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dún báyìí, Ọ̀gá wúkọ́. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ fa bíréékì ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ lófìfo. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni yóò ṣe pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan kọ́kọ́rọ́? Ẹ́ńjìnnì ń jó epo, Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ó kí ọ̀nà, ó kí táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ìtàn bí òun ṣe fẹ́ràn láti máa fi nǹkan pamọ́ láti kékeré. Oòrùn tó wà lẹ́yìn orí ilé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti dé iwájú ilé kó tó ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ gbéra.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde nílùú tí Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, torí ó ń jẹ epo. Èyí dára. Ó wá ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, torí atẹ́gùn tó bá wọlé ẹrù ni, kò sì sanwó ọkọ̀. Inú bọ́ọ̀sì gbóná bí ìgbà tí wọ́n dé ìkòkò lórí iná. Òógùn ń ro tótó látorí àwọn òṣìṣẹ́ sórí ìjókòó onírin, àwọn tó wà lẹ́yìn ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Igbákejì ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu, ó ní òógùn tó ń jáde yẹn ìwọ̀n ló ń dín kù. Ìyàwó Ọ̀gá ṣí fèrèsé tirẹ̀, ó sì gbé igbọ̀nwọ́ lé e. Igbákejì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kì bá tíì burú jù ká ní Ọ̀gá lè dákẹ́. Wọ́n rí ewúrẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, Ọ̀gá wúkọ́. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ tẹ bíréékì, ó fa tọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, ẹ́ńjìnnì ń jó epo. Ọ̀gá ṣàlàyé pé ewúrẹ́ yẹn fi ẹsẹ̀ rìn, kò lo epo, ó sì ń dé ibi tó ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ewúrẹ́ sá. Wọ́n gbéra pẹ̀lú gíà kìíní tó ń bú ramúramù, kí ó tó bọ́ sí gíà kejì, Ọ̀gá ti rí pátákó kan tí wọ́n kọ òǹkà ìsáré sí, ó wúkọ́. Ó ní pátákó náà kò dúró dáadáa. Wọ́n sọ pé òótọ́ ni. Wọ́n tún kọjá ibì kan tó rán Ọ̀gá létí ọ̀rọ̀ tó gbàgbé láti sọ níbi ewúrẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sẹ́yìn padà síbẹ̀. Ẹ gbọ́, bọ́ọ̀sì ńlá, tó rọ epo kún, ó ń fẹ̀yìn rìn lórí títì torí ewúrẹ́ tó ti lọ sílé rẹ̀.

Ibẹ̀, níbi tí ọ̀nà ìlú méjèèjì ti pàdé, ni ọkọ̀ ọ̀gá ìlú kejì ti bá wọn tó sì kọjá. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sáré, kò dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀gá wọn fi fìlà bo imú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sùn.

"Ẹ ò rí i," ni Igbákejì wí, "ọ̀gá tí kò ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ."

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ sí wọn látojú fèrèsé. Ọkọ̀ ìlú kejì kò tiẹ̀ dín eré kù. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọ̀gá, ó sì dúró láti bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, títí tí ọkọ̀ náà fi di dúdú kékeré níwájú, tó sì pòórá.

Òṣìṣẹ́ obìnrin kan tó jókòó nítòsí awakọ̀ ló kọ́kọ́ rí abẹ́rẹ́ tó ń fi epo hàn. Ó ti kọjá ìdajì, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ó tọ́ka sí i, jìnnìjìnnì bá gbogbo ọkọ̀. Ojú Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n Igbákejì sún mọ́ ọn, ó wo abẹ́rẹ́ náà fínnífínní, ó sì yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe ni? Ó ń kúnlẹ̀ kí yín."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbà á gbọ́. Ó fi ọwọ́ dá abẹ́rẹ́ lóhùn, ó ní kó dìde. Abẹ́rẹ́ kò dìde. Igbákejì ní ìtẹríba rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dé ibi òkè kan. Ọ̀gá pàṣẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gùn ún, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Òun nìkan, ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ àti àga ló kù nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń ké, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé agbedeméjì, Ọ̀gá rí bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó rẹwà lójú rẹ̀, ó wúkọ́. Ọkọ̀ dúró lórí ìdagẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gùn bọ̀ lẹ́yìn dúró síbi tí ikọ́ bá wọn, ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyàwó Ọ̀gá bó ẹyin kan, ó fi síwájú ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, "Olówó orí mi, mo mọ bí ipò yìí ṣe jẹ yín lógún tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ títí a ó fi débẹ̀. Ìyẹn nìkan náà ni. Ẹ jẹ ẹyin yìí, kẹ́ ẹ dákẹ́."

Ọ̀gá wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ẹ lè rí i lójú rẹ̀. Ó gba ẹyin náà, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó dìde sẹ́yìn tábìlì gíga, ó wúkọ́, ó sì sọ̀rọ̀ gígùn kan lórí àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ sọ apá kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ padà wọlé láti gbéra, wáyà bíréékì ọwọ́ tó ti ń fà láti àárọ̀ já pọ́ọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ lé bíréékì ilẹ̀, ó ń lágùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè tán, wọ́n wọlé padà, ọkọ̀ sì ń lọ.

Wọ́n rí olú-ìlú níkẹyìn. Gbọ̀ngàn ìjọba wà lórí òkè kékeré kan, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ dán, ó sì mọ́. Ìsàlẹ̀ òkè yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì ti fà tìkọ̀, ó mì, ó gbọ̀n, ó kú. Kò sí ìró kankan mọ́ àfi ti òógùn tó ń kán sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gá kò wúkọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sínú àga rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì dàbí ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n fà á. Ó ní ohun tí Mínísítà bá kọ́kọ́ rí ló máa gbà gbọ́, tó bá rí i pé ọkọ̀ dé, á rò pé ó wa ara rẹ̀ dé ni. Wọ́n tú okùn tó di fọ́tò mú, wọ́n gbé fọ́tò dábùú àwọn ìjókòó láti fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n so okùn mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì. Gbogbo òṣìṣẹ́ dì í mú, àwọn tí kò jẹun láti àná. Wọ́n fà. Ìyàwó Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò búrẹ́dì rẹ̀, ó ń rìn lẹ́bàá títì, ó ń fi búrẹ́dì sẹ́nu ẹni tó bá ti fẹ́ dákú.

Mínísítà jáde síta, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ ìlú kejì ti wà níbẹ̀, epo rẹ̀ sì dára, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá inú rẹ̀ ṣì ń sùn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Mínísítà rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láìdún, ó rí àwọn tó ń fà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ku díẹ̀ kínún. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ fi gbogbo agbára tẹ bíréékì, wọ́n sì fa okùn le kó má bàa yẹ̀. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn tábìlì gíga rẹ̀, ó dojú kọ gíláàsì iwájú, máíkì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀," ni Mínísítà wí. "Epo tó kù ńkọ́?"

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí níbi tó dúró sí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kò gùn. Ó lè ní, "Ó ti tán, ẹ má bínú." Mínísítà tí òótọ́ ń wù ú gbọ́ ì bá tilẹ̀ bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òótọ́ yẹn, ilé ló kàn. Pálọ̀ ló kàn, àti ikọ́ tí kò sẹ́ni tó ń dúró fún. Ọ̀gá fa èémí sínú. Ó wúkọ́, láti ìsàlẹ̀ ikùn, nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Gbogbo òṣìṣẹ́ tú okùn sílẹ̀. Wọ́n dúró ṣánṣán, ọwọ́ lófìfo. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì, ó fò sílẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Kábíyèsí obìnrin, Mínísítà wa ọ̀wọ́n," ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fẹ̀yìn lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé Mínísítà ló ń fà sẹ́yìn torí ọ̀wọ̀. Ó ní epo kì í ṣe ohun tí à ń kà, ohun tí à ń gbé lọ́kàn ni. Ohùn rẹ̀ ń jìnnà, ó ń kéré. Ọkọ̀ kọjá ìyàwó rẹ̀, òun nìkan ló pariwo pé kó tẹ bíréékì, ṣùgbọ́n Ọ̀gá gbé ìka sókè sí i pé kó má dá ọ̀rọ̀ òun dúró. Bọ́ọ̀sì rọra yà kúrò lójú títì, ó fi ìdí wọ inú òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà kó jọ, iyanrìn náà gbà á mú bí ìyá tó gba ọmọ. Fọ́tò dìde láàárín ìjókòó, ó dorí bo Ọ̀gá. Láti abẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ fínnífínní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Lókè, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Mínísítà dúró títí àtẹ́wọ́ fi tán. Ó yíjú sí ìyàwó Ọ̀gá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí epo. Obìnrin náà ní, "Ó ti tán, Mà. Ẹ má bínú." Ọ̀rọ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mínísítà ní òun ti ń wo ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò rí èyí tó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ láìlo epo rí, ó wá kù díẹ̀ káàtó pé ẹ̀yìn ló lọ. Ó wọlé. Wọ́n jí ọ̀gá ìlú kejì, wọ́n sọ fún un pé ó ti di olórí gbogbo ọkọ̀ ìjọba. Ó ní ẹ ṣé o, ó fa fìlà bojú padà. Kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀sì kúrò nínú iyanrìn, Igbákejì ti lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tuntun náà. Ó ti pajú dé, ó sì ń hanrun, àmọ́ ó ń rí i dájú pé ìhanrun tòun kò ga ju ti ọ̀gá tuntun lọ.

Ọ̀gá wa àti ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò padà sílé. Ó wúkọ́ nígbà tí wọ́n kúrò ní gáréèjì. Awakọ̀ náà gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀.

Oṣù parí. Wọ́n fún un ní àpò, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó múra, ó dé fìlà, ó jókòó sí pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ọ̀gá wo bó ṣe ń gbá a, ó rí i pé ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà fi agbára ìgbálẹ̀ pamọ́, ó sì wúkọ́.

"Olówó orí mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo fẹ́ gbá abẹ́ àga yẹn."

Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbá abẹ́ àga, ó kó ilẹ̀ dànù, ó wẹ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ ra nǹkan. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ Ọ̀gá ṣì wà lókè, ó ń gbọ̀n, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀.